Níbo ni Ẹsẹ̀ Fẹ́ Tẹ̀? Ìdí tí Progressive Rock Fi ń Pín Àwọn Olùgbọ́ sí Méjì

Ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin tí ẹ kó àwo orin jọ sílé títí tí àyè ìjókòó fi fẹ́ tán, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń gbọ́ tiyín, ẹ káàbọ̀. Gbogbo wa pátá, ẹ kú ìjókòó o.

Orin tí wọ́n ń pè ní progressive rock ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń gé kúrú sí prog. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ King Crimson gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Yes, Genesis, Jethro Tull, Pink Floyd àti Emerson, Lake & Palmer jọ gba ọ̀nà náà, oníkálukú pẹ̀lú ìrìn tirẹ̀. Rush náà dìde ní Kánádà. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n mú gìtá àti ìlù rọ́ọ̀kì, wọ́n pò ó mọ́ orin kílásíkà àti jáàsì, wọ́n fa orin kan ṣoṣo gùn di ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì ń yí ìlù padà láàárín orin bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ fi irú orin bẹ́ẹ̀ sí i níbi tí èèyàn mẹ́wàá wà. Ẹnìkan á di ojú, á máa mi orí, á ní òun kò gbọ́ ohun tó dùn tó báyìí rí. Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á." Orin kan náà, yàrá kan náà. Ṣé etí ẹnìkan ló di ni? Ṣé ọgbọ́n ẹnìkan ló ju ti ẹnìkejì lọ? Rárá o.

Etí kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó máa ń dì mú nínú orin. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ orin. Ìlù ni wọ́n dì mú. Àwọn kan, ohùn orin ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n fẹ́ kí ègbè padà wá kí wọ́n lè bá wọn gbè é. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí orin ń gbà lọ ni wọ́n ń tọ̀: ibo ló ti yà, ibo ló fẹ́ já sí? Prog máa ń gba ìlù lọ́wọ́ àwọn àkọ́kọ́. Ó máa ń fi ègbè pa mọ́ fún àwọn ìkejì. Ṣùgbọ́n àwọn ìkẹta, ó ń bọ́ wọn yó. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orin tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́: "Money" tí Pink Floyd ṣe lórí àwo The Dark Side of the Moon, ọdún 1973. Kí gìtá kankan tó dún, ariwo owó ẹyọ, ariwo ìwé tí wọ́n ń ya àti ariwo ẹ̀rọ ìgbowó lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, tó ń yí po lórí téèpù. Ẹ bá mi kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje. Ení, èjì, ẹ̀ta… Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Èje ló dé tó fi tún padà sí ení. Gìtá béèsì wọlé, òun náà ń ka èje.

Ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn tó ti mọ́ ìlù oní-mẹ́rin lára ń retí ẹ̀jọ. Nígbà tí ẹ̀jọ kò dé, ó rí bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, tó rò pé ìṣísẹ̀ kan ṣì kù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣàdédé kan ilẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn kan á bínú.

Síbẹ̀, àwo yìí lo ọ̀sẹ̀ 741 lórí àtẹ Billboard, èyí tó ń to àwọn àwo tó ń tà jù, ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1973 sí 1988. Tí èje bá ṣòro tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe wọ ilé gbogbo ayé? Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Èje yẹn kì í yí padà; bó ṣe wà ní àyípo kìíní ló wà ní ìkẹwàá, nítorí náà ní àyípo kẹrin ẹsẹ̀ yín á ti mọ̀ ọ́n. Fèrè saxophone dá nìkan fọn lórí èje. Nígbà tó kan gìtá láti dá nìkan dún, wọ́n yí ìlù sí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ sinmi, ara balẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti kó wa padà sínú èje. Olùgbọ́ kò mọ̀ pé wọ́n ṣe òun lóore, ṣùgbọ́n oore ni.

Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Supper's Ready" tí Genesis ṣe ní 1972, orin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 23. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní "Apocalypse in 9/8". Onílù àti oní-béèsì ń ka mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n wọ́n pín in sí ẹ̀ta, èjì, ẹ̀rin: ení-èjì-ẹ̀ta, ení-èjì, ení-èjì-ẹ̀ta-ẹ̀rin. Ó ti tó ìṣòro fún ẹsẹ̀. Tony Banks wá jókòó sí ìdí dùùrù, ó ń tẹ ohun tirẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì bá wọn pín in bẹ́ẹ̀. Ení tirẹ̀ yàtọ̀, ení tiwọn yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn orin yìí á sọ fún yín pé ibẹ̀ gan-an lòkè téńté rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní ó dà bíi pé wọn kò gbọ́ ara wọn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Lóòótọ́ ni wọn kò bá ara wọn rìn níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ẹnìkan lè dìde níbí pé: àwa tí a gbọ́ dùndún àti bàtá dàgbà, ìlù wo ló tún kù tó lè dẹ́rù bà wá? Ìbéèrè tó dáa ni, ó sì yẹ ká dúró lé e lórí. Ẹ rántí kónkóló, èyí tí agogo máa ń lù. Ìró kéékèèké 12 ló wà nínú àyípo rẹ̀. Agogo lu méje nínú wọn, ìyókù dákẹ́. Ìlù kan ń pín 12 yẹn sí mẹ́ta-mẹ́ta, ìlù míì ń pín in sí méjì-méjì, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn. Ohun tó díjú ni, kò kéré sí ti Genesis rárá. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń jó níbẹ̀ kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé, nítorí pé àyípo náà kì í gùn sí i, kì í kúrú. Méjìlá ni nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, méjìlá ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí prog máa ń ṣe ni pé ó ń paarọ̀ gígùn àyípo náà fúnra rẹ̀: mẹ́rin, lẹ́yìn náà méje, lẹ́yìn náà mẹ́fà, kó tó padà sí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lè jó bàtá dáadáa fi lè jókòó síwájú orin yìí, kó sì ní òun kò rí ibi tí òun fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ sí. Ẹ má ṣe pè é ní aláìmọ̀. Ohun tó mọ̀ ló ń wá níbẹ̀ tí kò rí.

Ọ̀rọ̀ gígùn

Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n máa ń fi kan orin yìí ni pé ó gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ pé gígùn ni ìṣòro? Ẹ gbé àwo Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé láyé àwọn ọdún 1970. Ojú kan àwo lè lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, orin kan ń wọ inú èkejì, ìlù kò já. Ta ló ṣàròyé rí? Fela náà ń fi orin kan ṣoṣo kún ojú àwo kan. Lójú tèmi, gígùn kì í lé èèyàn sá níwọ̀n ìgbà tí ohun kan bá wà tí etí dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀pọ̀ orin prog? Àwo orin fúnra rẹ̀ ló fà á. Àwo ńlá tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí méjìlélógún lójú kan kí ohùn rẹ̀ ṣì dára. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ fún pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ipa bá fún, ẹ gbọ́dọ̀ dín ariwo kù, béèsì ló sì kọ́kọ́ ń fara gbá a. Nítorí náà àwọn olórin wọ̀nyí ń kọ orin bá ìwọ̀n ojú àwo mu. Jethro Tull gbìyànjú láti kọjá rẹ̀ ní 1972 pẹ̀lú "Thick as a Brick", orin kan ṣoṣo tó lé ní ìṣẹ́jú 43. Àfi kí wọ́n jẹ́ kí ohùn rọra lọ sílẹ̀ ní òpin ojú kìíní, kí olùgbọ́ dìde yí àwo, kó tó máa bá a lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Yes, àti àwo méjì tí wọ́n ṣe láàárín ọdún kan àti díẹ̀. Èyí ló ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972 wọ́n gbé Close to the Edge jáde. Orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà gba odindi ojú kìíní, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 àti àbọ̀. Omi tó ń ṣàn àti ẹyẹ tó ń ké ló fi bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń rọra gòkè bọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, gbogbo ẹgbẹ́ já lu ara wọn lójijì, gìtá Steve Howe ń sáré, béèsì Chris Squire ń sáré, wọn kò jọ sáré lójú ọ̀nà kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa á. Ẹni tó bá ní sùúrù á gbọ́ ègbè kékeré kan, "I get up, I get down". Kò pẹ́ lórí rẹ̀, ó lọ. Ó tún padà. Nígbà tó di àárín orin, ìlù dákẹ́ pátápátá, ohùn àwọn akọrin ń dáhùn ara wọn, Rick Wakeman wá tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó ń mi ilẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St Giles-without-Cripplegate ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní òpin, ègbè yẹn padà dé tagbáratagbára, omi àti ẹyẹ sì tún dún. Ẹ rí i pé ohun tí etí lè dì mú wà níbẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà, ó sì ń padà wá.

Oṣù kejìlá ọdún 1973 ni Tales from Topographic Oceans dé. Jon Anderson, akọrin Yes, ti rí àlàyé kan ní ìsàlẹ̀ ojú ewé nínú ìwé Paramahansa Yogananda, olùkọ́ ẹ̀sìn ará Íńdíà, tó sọ nípa oríṣi ìwé mímọ́ mẹ́rin àwọn ẹlẹ́sìn Hindu. Ló bá gbà á lérò pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ojú àwo tirẹ̀. Mẹ́rin di àwo méjì, àwo méjì di nǹkan bí ìṣẹ́jú 81. Ẹ kíyè sí i dáadáa: a ti mọ iye ojú àwo kí a tó mọ bí orin tó wà nílẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ó ti wọ́. Wakeman tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí wọ́n ní ju àwo kan lọ, kò sì tó méjì, ni wọ́n bá ń fà á kó lè kún. Alásejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Àwo tí mò ń sọ yìí gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ipò kẹfà ní Amẹ́ríkà. Títí di òní, àwọn kan wà tí wọn kò lè gbọ́ pé ẹnìkan sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn èèyàn yẹn kò ya wèrè. Ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní fífà, àyè ìmí ni wọ́n ń pè é. Èmi fara mọ́ Wakeman lórí ojú kejì àti ìdajì ojú kẹta. Lórí ojú kìíní àti ìkẹrin, mo fara mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìtàgé

Ohun kan wà tí àwọn tó ń jiyàn lórí orin yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí: nígbà míì, ohun tí ẹnìkan gbọ́ kọ́ ni ẹnìkejì gbọ́. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Mellotron, èyí tó ń mú ohùn fáolíìnì àti ti ẹgbẹ́ akọrin jáde nínú àwọn orin King Crimson àti Genesis. Lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ni téèpù kan wà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á fa téèpù náà kọjá. Ohùn tó wà lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ. Bó bá tán, ó tán. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìka sókè kí sípíríǹgì fà á padà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí iná mànàmáná gbọ̀ngàn kò bá dúró sójú kan, mọ́tò á fà sẹ́yìn, ohùn á wálẹ̀. Bí ooru bá mú, téèpù lè lọ́. Ní sítúdíò, wọ́n á tún un ṣe títí yóò fi dára. Lórí ìtàgé, ó lè bàjẹ́ lójú ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹni tó jókòó ní gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ tí Mellotron kò bá gìtá dọ́gba, tó padà sílé pé ariwo ni, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Ti Tales tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1973 ni Yes bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò eré wọn, wọ́n sì ń ṣe gbogbo àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí kò tíì dé ọjà. Èèyàn kan tí kò gbọ́ nǹkan kan rí nínú rẹ̀ ń gbọ́ ohun tó lé ní wákàtí kan fún ìgbà àkọ́kọ́, lórí ìjókòó, kò lè dá a dúró, kò lè dá a padà. Ní Free Trade Hall ní Manchester, gẹ́gẹ́ bí Wakeman fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, ẹni tó ń bá a tún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe nà sábẹ́ dùùrù Hammond, ó bi í léèrè ohun tó máa jẹ. Wakeman rò pé lẹ́yìn eré ni ó ń wí. Ó ní kọ́rì, oúnjẹ àwọn ará Íńdíà. Kò pẹ́, kọ́rì dé sórí ìtàgé, eré ń lọ lọ́wọ́. Ó gbé e ka orí dùùrù, ó jẹ ẹ́, nítorí apá tí kò ti ní ohun púpọ̀ láti ṣe ló dé. Ní ọdún 1974 ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ẹni tó wà ní ìdí orin bá ráyè jẹun nínú rẹ̀, a kò lè bá ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ wí pé ara rẹ̀ kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìgbéraga

Mo fẹ́ bá àwọn olólùfẹ́ orin yìí sọ òótọ́, torí pé èmi náà wà lára wọn. Àwọn baba wa ní: bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ ọ́ di pàṣán tí a fi ń na àwọn tí kò gbọ́ ohun tí a gbọ́. "Kò yé ọ ni." Ta ló máa fẹ́ràn orin tí wọ́n fi bú u?

Èsì náà kò sì pẹ́. Láti 1970 ni John Peel, gbajúmọ̀ orí rédíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pe eré Emerson, Lake & Palmer níbi àjọ̀dún orin Isle of Wight ní ìfiṣòfò ẹ̀bùn àti iná mànàmáná. Nígbà tí punk, orin rọ́ọ̀kì kúkúrú tó le, dé, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Lydon, akọrin ẹgbẹ́ Sex Pistols, ń wọ ẹ̀wù Pink Floyd tó kọ "I hate" sí lókè. Gbogbo èèyàn mọ ìtàn ẹ̀wù yẹn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé ní 1977, nígbà tí wọ́n pe Lydon yìí kan náà wá sí Capital Radio ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi orin tó wù ú sí i, Peter Hammill ti ẹgbẹ́ Van der Graaf Generator wà lára àwọn tó yàn, ògbóǹtarìgì onírúurú orin líle tí a ń sọ yìí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun kò kórìíra The Dark Side of the Moon. Ohun tó bínú sí ni ìwà: àwọn olórin tó ti jìnnà sí àwọn tó ń ra àwo wọn. Ẹ jẹ́ ká máa yà á sọ́tọ̀, ẹni tó kórìíra orin àti ẹni tó kórìíra ìgbéraga.

Bí a ṣe lè gbọ́ ọ

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbìyànjú, tàbí tó ti gbìyànjú tí kò rí i bá ṣe.

Ẹ má fi sípíkà kékeré orí fóònù gbọ́ ọ. Béèsì ló sábà máa ń di kíka ìlù mú, sípíkà kékeré kò sì lè gbé béèsì. Etí á wá gbọ́ gìtá àti dùùrù tó ń sáré láìsí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ẹ lo ìgbọ́rọ̀ tó bo etí, tàbí sípíkà gidi. Ẹ ṣọ́ra fún ìbẹ̀rẹ̀ Close to the Edge: nítorí pé omi àti ẹyẹ yẹn kò dún sókè, èèyàn á yí ohùn sókè, ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá já wọlé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya á létí. Ọ̀pọ̀ ló ti tibẹ̀ kórìíra rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ má ka ìlù rárá. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ kàn máa kọ ìṣẹ́jú tí ẹ bá gbọ́ ohun kan tí ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tó. Bí ẹ bá rí ibi mẹ́ta, orin náà ní òpó, ẹ lè padà lọ bá a. Nígbà kejì, ohun èlò kan ṣoṣo ni kí ẹ tọ̀ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún Pink Floyd, béèsì ni. Fún Yes, onílù ni, nítorí pé béèsì Squire kì í dúró sílé. Ó ń ṣe bíi gìtá ni. Ìgbà kẹta ni kí ẹ tó máa kà á. Bí ẹ bá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ohùn kan kò bá yín lọ sójú ibùsùn, ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí "Money". Lẹ́yìn rẹ̀, "Roundabout" tí Yes ṣe ní 1971. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti àbọ̀ péré ni, ègbè rẹ̀ hàn gbangba. Lẹ́yìn náà, "2112" tí Rush ṣe ní 1976. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde fẹ́ orin kúkúrú nígbà yẹn, torí pé àwo wọn tó ṣáájú kò tà. Wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú dá wọn lóhùn, àwo náà sì tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ìtàn ló wà nínú rẹ̀, ìtàn á mú yín dání níbi tí ìlù bá ti fi yín sílẹ̀. "Supper's Ready" ló tẹ̀ lé e, kí ẹ tó dé Close to the Edge.

Tales ló kẹ́yìn, ojú kẹrin sì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sí i, "Ritual". Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ míì bá Alan White onílù lu ìlù, fún ìṣẹ́jú gbọọrọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù á gbádùn ibẹ̀ ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ẹ tún padà sí ojú kìíní lọ́jọ́ kejì. Ojú kẹta, "The Ancient", ni kí ẹ fi sí ìparí: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀ kó parí, Howe fi gìtá onígi sí i, Anderson kọrin lé e, kò sí ẹni tí mo mọ̀ nínú àgọ́ méjèèjì tó ní ibẹ̀ kò dùn.

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, tàbí tó gbé àwo tirẹ̀ wá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.